Ewúrẹ́ Kì Í Jókòó Ṣíwájú Adájọ́

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, kí ohunkóhun tó yí padà, Akọ̀wé ń nu àwo nínú ilé ìdáná, ọkọ rẹ̀ sì jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ nǹkan kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ. Nǹkan náà ní ojú dúdú bíi ti aago ọwọ́, àti bọ́tìnnì méjì péré. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan á yọ lójú rẹ̀, òun náà á sì kọ ọ́ sórí ìwé.

“Ewúrẹ́,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

“Ewúrẹ́ ta ni?”

“Ewúrẹ́ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Fìlà ni èkejì. Àkàbà ni ẹ̀kẹta.”

“Ẹ ní owó ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ wá ń ka ẹrù ẹni tó ń kó kúrò nílé.”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Oníwáyà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ omi ń pè é, torí òun ló ń tún iná àti kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Ìyàwó rẹ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, Oníwáyà ni wọ́n sì bẹ̀ pé kó bá wọn fi díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kó jọ de ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ra owó kírípítò, owó tí kò ní bébà, tí kò ní báńkì, tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ayélujára nìkan ló ń gbé. Nǹkan kékeré yìí ni wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

“Gbọ́ mi dáadáa, Ìyá Akọ̀wé,” ni Oníwáyà wí. “Owó kò sí nínú ẹ̀ o. Kọ́kọ́rọ́ owó ló wà nínú ẹ̀. Tó bá sọnù, tó bá jóná, tí olè bá gbé e, kí ẹgbẹ́ má sunkún. Kí wọ́n ra òmíràn, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún yìí sínú ẹ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, kọ́kọ́rọ́ á padà. Bí wọ́n ṣe tò o! Tí ọ̀kan bá fò kọjá èkejì, ó parí.”

Ìpàdé ti fọwọ́ sí i pé kí ìwé náà wà nínú àpótí irin ní ọ́fíìsì, kí akọ̀wé sì há a sórí.

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ há irú rádaràda báyìí sórí?”

“Ọ̀rọ̀ tó bá pani lẹ́rìn-ín kì í tètè sọnù. Fetí sílẹ̀. Ewúrẹ́ kan dé fìlà, ó gun àkàbà lọ sílé adájọ́, ó ní ìgbálẹ̀ ti jí ẹyin òun…”

“Ewúrẹ́ tó yé ẹyin?”

“Ṣé ìwọ lo bí i ni? Jẹ́ kó rojọ́ ẹ̀.”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àwo sílẹ̀ kó má baà fọ́. Ẹjọ́ náà ti ń parí lọ nígbà tí òjò dé lójijì. Oníwáyà sáré lọ ti fèrèsé, ó padà wá pẹ̀lú apá aṣọ tó ti tutù, ó tẹ ẹ̀rọ náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ parí ìtàn ewúrẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọkàn Oníwáyà dáwọ́ iṣẹ́ dúró, láìkọ̀wé, láìṣèkìlọ̀. Akọ̀wé sin ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ewúrẹ́ yẹn bá ti fẹ́ yọjú sí i lọ́kàn pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ńṣe ló ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó wá ku alága ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde dúró. Bó bá gbọ́ pé ẹ jókòó nígbà tí wọ́n ń ka oyè òun, ìwé ìkìlọ̀ lẹ máa gbà. Alága Àgbà ni, Olùṣọ́ Ìlànà ni, Òpó Ẹgbẹ́ ni, Àtùpà Ilé-Iṣẹ́ Omi ni. Méje ni oyè náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi mẹ́fà nínú wọn dá ara rẹ̀ lọ́lá. Ó ti ní kí wọ́n ki búlọ́ọ̀kù mẹ́rin bọ abẹ́ ẹsẹ̀ àga rẹ̀ kó lè ga ju ìgbìmọ̀ lọ. Ó ga lóòótọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ méjèèjì a sì máa rọ̀ dirodiro lókè bí èso tó fẹ́ já.

Kò sí ohun tó máa sọ tí kò ní fi kún un pé, “Kọ ọ́ sílẹ̀, Akọ̀wé!” Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Kọ-ọ́-sílẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ o. Bó bá wúkọ́, ikọ́ náà gbọ́dọ̀ wọ ìwé ìpàdé: *Alága wúkọ́, ìgbìmọ̀ kí wọn pẹ̀lẹ́.* Igbákejì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà, a máa pàtẹ́wọ́ kí alága tó sọ̀rọ̀, a tún pa á láàárín ọ̀rọ̀. Ó ti pàtẹ́wọ́ rí nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kàn ń wá awò ojú rẹ̀ nínú àpò.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í pàtẹ́wọ́ ni akápò ẹgbẹ́, Bàbá Ẹ̀rọ, àgbàlagbà tó ti ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi láti ìgbà èwe rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí bébà fẹ́ tán, Bàbá Ẹ̀rọ fi bírò fagi lé oyè kan nínú méjèèje kí ọ̀rọ̀ tó kù lè ráàyè. Kọ-ọ́-sílẹ̀ kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé Òfin Kọkàndínlógún kalẹ̀: *Ẹnikẹ́ni tó bá yí ohun tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ padà, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ipò rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀.* Ó pàṣẹ kí wọ́n kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ó dùn létí òun.

Nígbà tí Oníwáyà ti kú, alága ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ìwé inú àpótí irin. Àwọn mẹ́rin náà pé: alága, igbákejì, akápò àti akọ̀wé. Alága tú ìwé náà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó funfun, ó tún pọ́n.

“Ewúrẹ́? Ewúrẹ́ ló ṣíwájú nínú ìwé tí òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà lára ẹ̀? Ewúrẹ́ jókòó níwájú, adájọ́ wà lẹ́yìn ẹ̀? Ìgbálẹ̀ ń yan níwájú ìyá? Àkàbà ṣíwájú ọba?”

“Ìtìjú gbáà ni, sà!” ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà ké.

“Ta ló to àwọn èèyàn yìí báyìí?”

“Ẹ̀rọ ló tò wọ́n, ọ̀gá,” ni Akọ̀wé wí. “Bí wọ́n ṣe tò yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ náà. Olóògbé ní tí ọ̀kan bá fò kọjá èkejì…”

“Akọ̀wé, kí ni iṣẹ́ rẹ?”

“Kíkọ sílẹ̀ ni, ọ̀gá.”

“Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi, Alága Àgbà, pàṣẹ kí a tún ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún yìí tò, kí kálukú jókòó sípò tó tọ́ sí i. Ewúrẹ́ kì í jókòó ṣíwájú adájọ́, kì í ṣe lójú mi!”

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú.

Ìpàdé mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi to ọ̀rọ̀. Ọba ló kọ́kọ́ jókòó, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ìyá àti adájọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ ní kò sí adájọ́ tí ìyá kò bí. Kọ-ọ́-sílẹ̀ ní ìyá tó bí òun pàápàá kì í jókòó kí òun tó jókòó. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú. Fìlà borí bàtà, torí orí ló ń gbé. Òkè borí odò, torí ó ga, alága sì fẹ́ràn ohun tó bá ti ga. Nígbà tó kan ewúrẹ́, alága kò tilẹ̀ gba ìbò.

“Ìsàlẹ̀ pátápátá,” ni ó wí. “Lábẹ́ ìgbálẹ̀. Kó lọ jókòó síbẹ̀, kó ronú.”

Wọ́n tún ìwé náà kọ sórí bébà tó nípọn, tí etí rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Alága fọwọ́ sí i, ọwọ́ náà sì tóbi ju gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún lọ. Ó wá mú ìwé tí Oníwáyà kọ, ó fi í sínú àwo tíì, ó ṣáná sí i.

“Ọba kì í pé méjì láàfin,” ni ó wí. “Kọ ọ́ sílẹ̀, Akọ̀wé.”

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ ti ń pariwo. Ẹ sinmi. Ó ti jóná.

Akọ̀wé wo eérú náà nínú àwo. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́, pẹ̀lú “e” rẹ̀ tó máa ń dùbúlẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Ó fẹ́ pe ewúrẹ́ náà nínú ọkàn rẹ̀ kó mọ̀ bóyá ó ṣì wà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ wọ́lẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n alága ní ohun tí òun kò bá tíì filọ́lẹ̀, kò tíì wà láyé. Wọ́n gbé e wọ gbọ̀ngàn lórí tìmùtìmù pupa, ọkùnrin méjì ló gbé e, nǹkan tí kò wúwo tó kọ́kọ́rọ́ ilé. Wọ́n rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni gbé ìyàwó. Kọ-ọ́-sílẹ̀ dìde.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi! Àwọn kan ri owó mọ́lẹ̀, olè wú u. Àwọn kan gbé e sábẹ́ ẹní, eku jẹ ẹ́. Ẹ wá wo èmi! Èmi gbé owó yín síbi tí olè kò lè dé, tí eku kò lè dé, tí iná kò lè dé!”

Kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù tí òun náà kò fi ní lè débẹ̀ mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló máa tẹ nọ́ńbà àṣírí tó ń ṣí ẹ̀rọ náà lójú gbogbo ayé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, torí ayàwòrán wà níbẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà náà bí ẹni tó ń pa èèrà. Ẹ̀rọ kọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó kọ̀.

Akọ̀wé sáré sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí rẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Tẹ́ ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀kẹta, á pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, nítorí olè.”

“Ṣé olè ni mí?”

“Rárá o, ọ̀gá. Ẹ kàn fi awò yín sójú.”

“Ohun tí kò tó àtàǹpàkò mi kò lè pàṣẹ fún mi!”

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú ẹ̀rọ náà ṣú.

“Ó ti tẹrí ba fún yín, sà!” ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà kígbe, àtẹ́wọ́ tó sì tẹ̀lé e ló gùn jù lọ lọ́jọ́ náà. Kí ó tó parí, ẹ̀rọ náà tún tanná, ó sì kí wọn pẹ̀lú ọ̀yàyà bí ẹni tí kò rí wọn rí: *Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹni tuntun ni yín?*

Kò sí ìyọnu, ni alága wí, ṣebí ìwé wà. Bẹ́ẹ̀-ni-sà jókòó ti bébà elétí góòlù, ó ń fi bọ́tìnnì méjì tẹ ọ̀rọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti orí ọba títí dé orí ewúrẹ́, títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi wú. Ẹ̀rọ náà dáhùn pé: *Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò bára mu.*

“Àfojúdi ni,” ni Kọ-ọ́-sílẹ̀ wí. “Akọ̀wé, mú ìwé wá. Mo fẹ́ kọ ìwé ìkìlọ̀.”

“Sí ta ni, ọ̀gá?”

“Sí òun.”

Akọ̀wé wo ẹ̀rọ náà, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ bó ṣe pè é: *Sí Wọ́lẹ́ẹ̀tì. Ó ti dé etígbọ̀ọ́ ọ́fíìsì yìí pé o kọ̀ láti dá Alága Àgbà lóhùn níwájú àlejò. Ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta ìdí tí a kò fi ní bá ọ wí.* Wọ́n ki ìwé náà bọ abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-sà bá a fọwọ́ sí i pé ó rí i gbà. Nígbà tí wákàtí pé tí kò fèsì, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìsí owó oṣù.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ìgbà tó yá ni ẹnì kan rántí pé owó àwọn ni, ẹ̀rín sì dá bí iná tí wọ́n pa. Wọ́n pe ìpàdé gbogbogbòò.

Kọ-ọ́-sílẹ̀ gun orí àga rẹ̀. Ó ti mọ ohun tó máa sọ. “Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìlànà mi kò ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ tí Oníwáyà kọ fún wa ló jẹ́ èké. Ó ti kó owó yín lọ kó tó kú. Ó dùn mí pé a kò lè kọ ìwé ìkìlọ̀ sí òkú.”

Gbogbo ojú yí sí ibi tí Akọ̀wé jókòó sí. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tó ti jókòó tì í lọ́jọ́ ìsìnkú, rọra béèrè pé, “Ìyàwó Oníwáyà, àbí òótọ́ ni?”

Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló gún un ju ti alága lọ. Owó lè lọ, wọ́n á tún kó òmíràn jọ. Àmọ́ bí orúkọ ọkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, kò sí ẹ̀rọ kankan tó máa dá a padà. Ó dìde.

“Ẹ fún mi ní wọ́lẹ́ẹ̀tì náà.”

“Kò ṣeé ṣe!” ni alága wí. “A ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́!”

“Ọ̀gá,” ni Bàbá Ẹ̀rọ wí, “ẹ jẹ́ kó wá jẹ́jọ́ ara ẹ̀.”

Akọ̀wé gbé àga, ó fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó ń tẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan. Ó dijú. Ó wá ṣílẹ̀kùn.

Ewúrẹ́ náà wà níbẹ̀. Ó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí, ara sì ti kan án. Ó gun àkàbà. Ó bá adájọ́ nílé. Ó rojọ́ ìgbálẹ̀ àti ẹyin. *Ṣé ìwọ lo bí i ni?* ni ohùn kan wí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Akọ̀wé sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Opó ń tẹ ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Kò sí ẹni tó dìde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ méjì: òjò àti fèrèsé. Èwo ló ṣíwájú? Ó tẹ fèrèsé, ó tẹ òjò. *Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò bára mu.*

“Ṣẹ́ ẹ rí i!” ni Kọ-ọ́-sílẹ̀ ké lórí àga, bàtà rẹ̀ sì ń mì.

Akọ̀wé kò gbọ́ ọ. Ilé ìdáná ló wà. Òjò dé kí ìtàn tó parí. Ọkọ rẹ̀ sáré lọ ti fèrèsé, ó padà wá, apá aṣọ rẹ̀ tutù, ó tẹ ẹ̀rọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kí ló rí tó pa á lẹ́rìn-ín? Òjò ló wà lójú ẹ̀rọ nígbà tí òjò dé. Ó ti fèrèsé tán, ó tẹ̀ ẹ́, fèrèsé ló yọ!

Ó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òjò. Fèrèsé.

Ó nawọ́ ẹ̀rọ náà sí Bàbá Ẹ̀rọ. Bàbá Ẹ̀rọ fi awò sójú, ó wò ó, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tún wò ó.

“Ó pé,” ni ó wí. “Gbogbo ẹ̀ pé. Ọmọ dáadáa ni Oníwáyà.”

Ariwo sọ. Kọ-ọ́-sílẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. “Gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣètò rẹ̀…” Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì rọra kì wọ́n bọ àpò.

Akọ̀wé ti ṣí ìwé ìpàdé. Ó kà á láìpariwo: ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, bí alága ṣe pàṣẹ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ tò, bó ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe dáná sun ìwé, bó ṣe ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ kò wo ìwé kankan kó tó ka Òfin Kọkàndínlógún. Orí ló ti kà á.

“Ta ló ṣe òfin yẹn?” ni ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn.

“Èmi ni!” ni Kọ-ọ́-sílẹ̀ dáhùn, ìgbéraga sì ti ti ọ̀rọ̀ náà jáde kí ọgbọ́n tó dé.

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Kọ ọ́ sílẹ̀, Akọ̀wé!”

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Alága ní láti bẹ́ kó tó kúrò lórí àga, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, Bẹ́ẹ̀-ni-sà tó máa ń dì í mú sọ̀ kalẹ̀ sì ti kọjú sí ibòmíràn.

Ipò rẹ̀ bọ́; ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ni wọ́n gbé e sí báyìí. Bí àlejò bá dé, òun ló ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan nínú mẹ́rin ló ń di ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ omi mú kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Ẹgbẹ́ ti ra wọ́lẹ́ẹ̀tì mìíràn, wọ́n ti kó owó síbẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ tuntun tirẹ̀, tí a kò gbọ́dọ̀ kọ síbí; wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹ̀rọ ṣe tò ó.

Àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò ti ilẹ̀kùn kankan mọ́. Kò sí ẹni tó lè fi wọ́n jí nǹkan, kò sì sídìí láti fi wọ́n pamọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé, bí Akọ̀wé bá ń nu àwo, ó máa ń rojọ́ ewúrẹ́ sókè, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ń kọjá lè gbọ́. Àwo kan ló máa ń nù. Àga kejì wà níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún náà pé, bí wọ́n ṣe tò.